Ọkùnrin Tó Dúró Níwájú Nínú Ère

Àwọn ènìyàn ńlá pọ̀ ní Abuja. Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ kan lọ́sàn-án, ẹni tó jókòó sí ọ̀tún yín ti ṣe kọmíṣọ́nà rí, ẹni tó wà ní òsì sì ń retí kí wọ́n pe òun wá ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, n kò tíì gbọ́ nípa ẹni tó tóbi lójú ara rẹ̀ tó Olóyè Dókítà Nehemiah Ọlábímtán, Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìrántí Àwọn Akọni Obìnrin.

Ẹ má bi mí léèrè iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe. Àwọn tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ gan-an kì í fẹ́ kí wọ́n bi àwọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ní ilé alájà gíga, ó ní àsíá, ó sì ní orin tí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo tún mọ̀ pé nínú gbogbo àwọn tó máa ń jókòó yí tábìlì ká láti rántí àwọn akọni obìnrin, kò sí obìnrin kankan. Olóyè ní bí obìnrin bá wà níbẹ̀, ojú lè máa ti àwọn ọkùnrin láti yìn wọ́n. Ní ti Dókítà tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ.

Láràárọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ti yọ, Àjíṣafẹ́, agbẹnusọ àjọ, yóò sáré dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé, "Alátìlẹ́yìn àwọn ìyá ti dé o!" Àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò dáhùn pé, "Ìyá kò ní sunkún mọ́!" Bí ìdáhùn náà kò bá lọ sókè tó, Olóyè yóò padà sínú mọ́tò, yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù, tí ọ̀fìnkìn ń bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jà, Olóyè a máa dé nígbà bíi mélòó kan kó tó wọlé.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá àgbà kan láti Ìlú Ọba, Ruth lorúkọ rẹ̀, ránṣẹ́ sí àjọ náà. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Winifred Thackley, wà lára àwọn obìnrin tó jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí obìnrin lè máa dìbò. Ìyá rẹ̀ gan-an, Agnes, wá ṣe tíṣà ní Kwali, nítòsí Abuja, láyé àtijọ́, Ruth sì ti fi amọ̀ àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ ṣeré nígbà tó wà ní kékeré. Ó fẹ́ tún rí Kwali kó tó kú. Ó ní ṣé wọ́n lè bá òun wá ẹni tó mọ ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ló béèrè.

Olóyè pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ta ni Winifred yìí?" ló béèrè.

Àjíṣafẹ́ dìde. "Òun ló jà fún ìbò àwọn obìnrin, sà. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Kò sì jẹun níbẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé oúnjẹ wọn ò dáa ni?"

"Ó fi ń jà ni, sà."

Olóyè mi orí bí ẹni tó ti ń rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ó lọ́kọ àbí kò ní?"

"Ó ní, sà. Arthur lorúkọ rẹ̀. Káńsílọ̀ ni."

"Ẹ ẹ̀ rí i bí!" Olóyè lu tábìlì. "Mo mọ̀! Mo ní obìnrin wo ló lè ṣe gbogbo ìyẹn láìjẹ́ pé ọkùnrin gidi kan wà lẹ́yìn rẹ̀? Kí ni mò ń sọ, níwájú rẹ̀! A ó mọ ère kan. Arthur yóò dúró níwájú, yóò máa nàka sí ọjọ́ iwájú. Ìyàwó rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn, yóò di aṣọ rẹ̀ mú, kó má baà ṣìnà."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ nu ojú. Ìṣòro kan ló kù: wọn kò rí àwòrán Arthur níbikíbi.

"Ojú ẹni ńlá kò yàtọ̀ síra, sà," ni Àjíṣafẹ́ wí. "Bí a bá lo ojú Ọ̀gá, ta ló máa mọ̀?"

Olóyè kọ̀. Ó kọ̀, ó kọ̀, ó kọ̀ títí ó fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká fi ère náà sílẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ́gilére tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ká lọ sílé Olóyè ní Wuye. Nínú ẹ́sítéètì náà, Olóyè tún ni alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé. Ó ti pẹ́ lórí oyè náà, nítorí òun ló kọ òfin ìdìbò wọn: ilé kan, ìbò kan, baba ilé ni yóò sì dì í. Ẹ tún un kà, kí ẹ má baà rò pé ojú yín ló ń ṣì í rí. Ọkùnrin tí ìjọba àpapọ̀ yàn láti máa gbé obìnrin ga kò jẹ́ kí obìnrin dìbò ní àdúgbò rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Adérónkẹ́, jẹ́ igbákejì olùdarí ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi. Àwọn ẹnjiníà tó nírùngbọ̀n funfun máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi ráyè fún wọn. Bó bá délé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹni tí yóò máa ti géètì. Khàdíjàt, aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, jẹ́ opó. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Kuje ló máa ń wá dìbò ilé rẹ̀. Yóò jẹun nílé Olóyè, yóò dìbò fún Olóyè, yóò sì padà sí Kuje.

Ó sì wá ku ti géètì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó yá jù sí ilé ìwòsàn àti ọjà Wuye. Olóyè ní àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í jẹ́ kí ẹ́sítéètì jọ ibi tí ẹni ńlá ń gbé. Ó fi àgádágodo tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ti mọ́tò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ kan lórí ìlera àwọn ìyá, ikọ́ fée gbé ìyá Khàdíjàt. Wọ́n gbé e dé géètì, wọ́n bá a ní títì. Kí wọ́n tó gba títì ńlá yí ká dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ń wò lókè ògiri, ètè ìyá náà ti dúdú. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nígbà tí ìyá náà padà sílé, Khàdíjàt kó àwọn obìnrin bíi mélòó kan sòdí, ó di pálọ̀ Olóyè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Géètì la bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwa náà máa dìbò, ká lè máa sọ irú nǹkan báyìí nípàdé."

Olóyè dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. "Ẹ̀yin ìyá rere, ẹ̀yin òdòdó Wuye! Èmi Nehemiah, tí mo fi gbogbo ayé mi jà fún yín! Ṣé ẹ mọ bí ìbò ṣe wúwo tó? Ìbò wúwo! Ẹ ti ń gbé oyún, ẹ ń gbé ọmọ, ẹ ń gbé ẹrù ọjà. Ẹ̀rí ọkàn mi kò lè gbà kí n tún gbé ìbò rù yín."

"Bàbá Tèmi," ni Adérónkẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, "a máa ń dìbò yan ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ṣé alága ẹ́sítéètì ju ààrẹ lọ ni?"

Olóyè mú un ní ìbéèrè gidi. Ó ń rò ó.

"Dádì, kò fair rárá," ni Tèmi ọmọ wọn wí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, Abuja ló sì dàgbà sí. Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ ló gbọ́ èyí tó sọ.

"Ìpàdé ti parí," ni Olóyè wí.

Ruth dé, gbogbo ilé sì ń pè é ní Ìyá Ruth nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Olóyè gbà á lálejò nílé pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ó sì ka ètò ọjọ́ ìṣíṣọ-lójú-ère fún un láti òkè délẹ̀. Ìyá náà tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọjọ́ wo la máa lọ sí Kwali?"

"Kwali kò sí nínú ètò, Mà. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀."

Ìyá náà wá yíjú sí Adérónkẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé wọn lágbára gan-an; irú ipa wo ni Adérónkẹ́ ń kó níbẹ̀?

"Ìyàwó mi kò fẹ́ràn ìpàdé," ni Olóyè dáhùn, ó sì bu ìrẹsì sí i.

Adérónkẹ́ wo àwo rẹ̀. Ogún ọdún lé díẹ̀ ló ti fi jẹ́ kí ọkùnrin yìí máa dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bá bi òun. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ìfẹ́ àti àárẹ̀ sì jọ ara wọn bí ènìyàn kò bá wò wọ́n dáadáa. Nígbà tí fóònù pe Olóyè jáde, tí òun àti àlejò jọ ń kó abọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ géètì náà fún un. Ìyá Ruth gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.  Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà ní ìtàn ilẹ̀kùn kan. Màá sọ ọ́ bó bá dọ́la."

Ọjọ́ ńlá náà kò. Àgọ́ funfun, àga oníwúrà, àwọn oníròyìn rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mínísítà wá fúnra rẹ̀, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Wọ́n gbàdúrà fún Olóyè. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé Olóyè. Àjíṣafẹ́ sọ pé bí Olóyè bá ti wà láyé nígbà náà, àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ì bá má ti jìyà rárá, nítorí yóò ti bá wọn sọ ọ́. Olóyè sọ̀rọ̀ títí yìnyín inú ife Mínísítà fi di omi, omi náà sì lọ́wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n rántí Ìyá Ruth, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ní ṣókí.

Ó mú máìkì. Tèmi dúró tì í, ó ń bá a tún un sọ ní Yorùbá àti Haúsá bó ṣe lè ṣe é mọ.

"Ìyá àgbà mi kì í ṣe ènìyàn ńlá," ló wí. "Ilé iṣẹ́ òwú ló ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Arthur ọkọ rẹ̀ ni ẹni ńlá. Lórí pèpéle, kò sí ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ dídùn nípa obìnrin bíi tirẹ̀. Ó ní ó yẹ kí wọ́n dìbò, àwọn ènìyàn a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí Winifred wá lọ sí London láti lọ béèrè ìbò náà lóòótọ́, tí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, Arthur ní ó ti dójú ti òun. Winifred kò jẹun ní ẹ̀wọ̀n. Wọ́n fi rọ́bà ti oúnjẹ gba imú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó délé, ó kan ilẹ̀kùn. Arthur ti tì í. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ìyá mi, Agnes, ṣì kéré gan-an. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, kò gbọ́ mọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gba ojú fèrèsé ilé ìdáná jáde, ó wá ìyá rẹ̀ kiri títí ó fi rí i nílé alágbàfọ̀ kan. Kò padà sílé bàbá rẹ̀ mọ́ láéláé. Nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kwali, kì í jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kíláàsì, kódà nínú ọyẹ́. A rò pé ooru ló ń mú un."

 Mínísítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

Olóyè kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tẹ̀ lé e ló ń kà nínú ọkàn rẹ̀. Orúkọ Arthur nìkan ló gbọ́. Ó fò dìde, ó gba máìkì. "Arthur! Ọkọ rere! Àwòkọ́ṣe fún gbogbo ọkùnrin! Ẹ jẹ́ ká rí i!" Ó fa aṣọ tó bo ère.

Arthur káńsílọ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé fìlà abetí-ajá. Ó ní ikùn Olóyè, ó ní imú Olóyè, ó sì nàka sí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn rẹ̀, láìga ju ìgúnpá rẹ̀ lọ, Winifred ń yọjú bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ń ta búrẹ́dì.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn fi ìrẹ́rìn-ín tirẹ̀ ṣe ikọ́, kò jọ ikọ́.

"Ta nìyí?" ni Ìyá Ruth béèrè.

"Bàbá àgbà yín ni, Mà."

Ìyá náà wo ère, ó wo Olóyè. "Ó jọ yín."

"Ọ̀pọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Olóyè wí tayọ̀tayọ̀.

Nígbà náà ni gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àjíṣafẹ́, tó rò pé bí ètò bá ń lọ síwájú ẹ̀rín yóò dáwọ́ dúró, sáré pe Adérónkẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Olóyè ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: "Ọkọ mi ni ohùn mi." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adérónkẹ́ dúró níwájú máìkì. 

"Wọ́n ní kí n sọ pé ọkọ mi ni ohùn mi," ló wí. "Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í dìbò ní ẹ́sítéètì wa, òun ló sì ṣòfin rẹ̀. Ó ti géètì tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí ìdí géètì yẹn, a ò sì rí ẹni tí a lè bá wí, nítorí a ò ní ìbò tí a lè fi yọ ọ́. Ìyá Ruth, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ohùn mi nìyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Mínísítà yíjú. "Olóyè, ṣé òótọ́ ni?"

"Mínísítà mi ọ̀wọ́n, ìbò wúwo púpọ̀..."

"Kí gan-an ni ẹ̀ ń ṣe ní àjọ yìí?"

Ẹ rántí pé mo ti kìlọ̀ nípa ìbéèrè yẹn. Olóyè wo Àjíṣafẹ́ fún ìrànlọ́wọ́. Àjíṣafẹ́ wolẹ̀. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ère yìí," ni Olóyè wí. "Wọn kò bi mí kí wọ́n tó lo ojú mi."

"Sà," ni Àjíṣafẹ́ dáhùn, máìkì sì wà lẹ́nu rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ní kí imú yẹn tún tóbi díẹ̀."

Kí oòrùn tó wọ̀, ère náà ti wà lórí gbogbo fóònù láti Wuye dé Kwali.  Bí tọkọtaya náà ṣe délé, Adérónkẹ́ na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́." Olóyè wo ọwọ́ náà, ó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára ti mọ́tò, ó fún un. Khàdíjàt ló bá a ṣí géètì.

Ìjọba yọ Olóyè kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tó lọ kó ẹrù rẹ̀, ó bá ọ̀gá tuntun tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àjíṣafẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké pé, "Alátìlẹ́yìn àwọn ìyá ti dé o!" Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Olóyè gba ẹ̀yìn jáde.

Ìyá Ruth rí Kwali. Adérónkẹ́ ló wa mọ́tò, Khàdíjàt àti Tèmi bá wọn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti wó, ṣùgbọ́n ìyá amọ̀kòkò kan tó ti darúgbó di ọwọ́ Ruth mú, ó sọ fún un ní Haúsá pé tíṣà yẹn ló kọ́ òun ní bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni. Ó fi ìka kọ ọ́ sára amọ̀ tútù kó lè rí i. Ìyá Ruth sunkún, kò sì tọrọ àforíjì fún ẹkún náà. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ni Adérónkẹ́ sọ fún wọn pé òun yóò du ipò alága.

Ojú ti ti àwọn ọkùnrin ẹ́sítéètì náà. Àwọn fúnra wọn ló pe ìpàdé tí wọ́n fi yí òfin padà, pé kí gbogbo ẹni tó ti dàgbà máa dìbò. Olóyè náà tún jáde dupò. Ó dá a lójú pé bí àwọn obìnrin bá ti ń dìbò, ta ni wọn yóò tún dì í fún bí kò ṣe òun tó jà fún wọn?

"Ta ló fún ọ láṣẹ pé kí o bá mi dupò?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Àwọn ará ibí ni mo fẹ́ lọ bi, Bàbá Tèmi."

Lọ́jọ́ ìdìbò, Khàdíjàt ń ṣàlàyé fún olúkúlùkù: kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n má kọ nǹkan kan. Nígbà tó kan Olóyè, ó ní, "Madam, a ti ń dìbò kí ẹ tó débí," ó sì kọjá lọ. Adérónkẹ́ ló wọlé, ó sì fi Olóyè sílẹ̀ sẹ́yìn réré. Ìbò kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Ẹni tó dì í ti kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú Olóyè, pẹ̀lú Dókítà, ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Khàdíjàt wò ó, ó ká a, ó ní, "Èyí bàjẹ́," kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Olóyè wo òkè àjà.

Ó jókòó ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láìtan tẹlifíṣọ̀n. Adérónkẹ́ gbé tíì wá, ó jókòó tì í.

"Rónkẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré ju bí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ rí lọ, "èmi kì í ṣe Ọ̀gá Àgbà mọ́. Èmi kì í ṣe alága mọ́. Kí ni wọ́n máa wá máa pè mí báyìí?"

Adérónkẹ́ rò ó. Kò rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Olóyè ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì. Mégáàdì dìde lórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Sànnu, Ọkọ Alága!"

Olóyè dúró. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni.

"Yauwa," ló fi dáhùn ìkíni náà ní Haúsá, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.